Nọ́ńbà Fóònù Kì í Ṣe Iye

ÌBÉÈRÈ ÀTI ÌDÁHÙN ÒǸKÀWÉ

Lẹ́tà kìíní, láti Àjàṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n wa ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo ẹni tí ń ka ojú ìwé yìí. Ọmọ Kétu ni mí, ṣùgbọ́n ó ti di ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń gbé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), níbi tí mo ti ń ṣe oníṣirò owó ní ilé ìfowópamọ́ alájọṣe kan. Ẹni ọdún 33 ni mí, mo ní ọkọ àti ọmọ méjì. Ìṣirò owó ni mo kọ́ ní yunifásítì, òun náà ni wọ́n sì tìtorí rẹ̀ gbà mí síṣẹ́.

Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, ọ̀gá wa ṣàkíyèsí pé ọwọ́ mi yá nídìí Excel ju ti àwọn yòókù lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í da gbogbo iṣẹ́ tó bá ti jẹ mọ́ kọ̀ǹpútà sí mi lọ́rùn. Nígbà tí Excel kò tó iṣẹ́ náà ṣe mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, lálaalẹ́ láti inú fídíò, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti sùn. Ní báyìí, ètò tí èmi fọwọ́ ara mi kọ ni ó ń kó àkọsílẹ̀ owó ojoojúmọ́ láti ẹ̀ka mẹ́ta jọ sójú kan. Kò sí ẹni tó kọ́ mi, kò sì sí ẹni tí mo lè bi léèrè. Owó oṣù mi kò kúrò níbi tó wà.

Nígbà tí wọ́n yí nọ́ńbà fóònù padà ní Bẹ̀nẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, tí òǹkà mẹ́jọ di mẹ́wàá, ọ̀gá ní kí n fi 01 ṣíwájú nọ́ńbà gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wa, tí wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Mo kọ ètò náà, ó sì parí iṣẹ́ kí n tó mu ife omi kan tán. Inú mi dùn gidigidi. Ṣùgbọ́n ẹnì kejì mi ní búró ṣí fáìlì náà nínú Excel, ó fi í pamọ́, gbogbo òdo iwájú sì pòórá. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni a fi ń fi ìránnilétí ọjọ́ ìsan gbèsè ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn ènìyàn tí kò dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Àwọn kan pẹ́ san, wọ́n sì bu owó ìjìyà lé wọn. Ọ̀gá bá mi wí lójú gbogbo òṣìṣẹ́, ó ní ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ ni kò yẹ kó máa ṣe é. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Bàbá mi ní Kétu bi mí pé kí ni orúkọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe, n kò mọ ohun tí n ó pè é. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má wulẹ̀ dá ara mi láàmú, pé ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá ti ń kọ irú ètò bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Èmi náà máa ń lò ó, nígbà mìíràn ohun tó kọ máa ń ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé mo mọ ìdí rẹ̀. Faransé ni mo fi kàwé, Gẹ̀ẹ́sì tí kọ̀ǹpútà fi ń sọ àṣìṣe mi fún mi kò sì fi bẹ́ẹ̀ yé mi. Ṣé kí n padà sídìí ìṣirò owó mi pátápátá ni, àbí kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí n lọ kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà nílé ẹ̀kọ́, àbí mo kàn ń fi ọjọ́ orí mi ṣòfò?

Èmi ni, oníṣirò owó, Àjàṣẹ́.

Ìdáhùn

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó mú bíírò. Gbólóhùn kan ṣoṣo lo fi sọ ti owó oṣù, ṣùgbọ́n odindi ìpínrọ̀ lo fi sọ ti òdo tó pòórá, bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, ẹni tó ṣí fáìlì náà, iye ọjọ́ tí wàhálà náà gbà, àti àwọn tó jìyà rẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ kan kò bá jẹ lógún kì í rántí àṣìṣe rẹ̀ báyìí. Nítorí náà, ìdí òdo yẹn ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, kí n tó dé orí ọ̀nà mẹ́ta tí o ní kí n bá ọ yẹ̀ wò.

Nígbà tí Excel bá rí òǹkà mẹ́wàá tí wọ́n tò tẹ̀ léra, tí ẹnikẹ́ni kò sì sọ nǹkan mìíràn fún un, iye ni yóò kà wọ́n sí, àfi bí ẹni pé owó ni tàbí ìwọ̀n gàrí. Iye kò nílò òdo níwájú, nítorí kílò 05 àti kílò 5 kò yàtọ̀ síra. Ó gé òdo kúrò, nọ́ńbà olóǹkà mẹ́wàá di olóǹkà mẹ́sàn-án, ìránnilétí yín kò sì rí ilé wọ̀. Ètò tí o kọ kò ṣàṣìṣe nínú fífi 01 ṣíwájú. Ìgbà tí fáìlì kúrò lọ́wọ́ Python tó bọ́ sọ́wọ́ Excel ni nǹkan bàjẹ́, nítorí kò sí ẹni tó sọ fún Excel pé òpó (colonne) tí nọ́ńbà fóònù wà kì í ṣe òpó iye. Nọ́ńbà fóònù kì í ṣe iye. A kì í fi nọ́ńbà fóònù ìyá kún ti ọmọ kí a wá béèrè àpapọ̀ wọn. Orúkọ ni, orúkọ tí a fi òǹkà kọ, bí orúkọ ni ó sì yẹ kí a máa tọ́jú rẹ̀. Nínú Excel, kí a sọ òpó náà di «Texte» kí a tó kó ohunkóhun sínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ fáìlì CSV, irú èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán tí a fi kọ́mà tàbí àmì mìíràn pín sí òpó, kí a má kàn tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kó ṣí, kí a gba ojú «Données» kó o wọlé, kí a sì yan irú òpó kọ̀ọ̀kan níbẹ̀. Nínú Python, kí a pàṣẹ pé kí ó ka òpó náà sí str, ìyẹn ọ̀rọ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Wàyí o, ohun tí mo ń fẹ́ kí o rí nìyí. Ìwọ tí o jẹ́ oníṣirò owó ti mọ ọ̀rọ̀ yìí kí o tó mọ kọ̀ǹpútà. Nínú SYSCOHADA, ìlànà ìṣirò owó tí àwọn ilé iṣẹ́ ń tẹ̀ lé ní Bẹ̀nẹ̀, 52 ni orúkọ àwọn báǹkì, 57 sì ni orúkọ àpótí owó. Láti ọdún àkọ́kọ́ tí o ti ń kọ́ ìṣirò owó, ǹjẹ́ o ti rí ẹni tó fi 52 kún 57 tó sì kọ 109 sísàlẹ̀? Ìyàtọ̀ tó wà láàárín òǹkà tó jẹ́ iye àti òǹkà tó jẹ́ orúkọ ti wà lọ́wọ́ rẹ tipẹ́. Ìmọ̀ kọ́ ló ṣaláìsí, ẹni tí ì bá dúró tì ọ́ kó sọ pé ohun tí o mọ̀ nídìí ìwé ìṣirò ni kí o mú wá síbí ni kò sí. Mo rò pé púpọ̀ nínú iyèméjì rẹ ti ibẹ̀ wá: o gbà pé ẹ̀yìn ni o fi ìṣirò owó sí nígbà tí o bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ètò, nígbà tó jẹ́ pé òun gan-an lo fi ń kọ ọ́.

Má ṣe rò pé ìwọ nìkan ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Ní ọdún 2020, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà, àbájáde àyẹ̀wò 15,841 ènìyàn tí wọ́n ní àrùn náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án àti ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá, kò wọ inú àkọsílẹ̀ ìjọba lásìkò, nítorí pé irú fáìlì Excel àtijọ́ tí kò lè gbà ju ìlà 65,536 lọ ni wọ́n fi ń kó àwọn àbájáde náà jọ. Nígbà tí fáìlì kún, ìyókù já bọ́ láìsí ariwo. Àwọn tó kàwé gidi ni wọ́n wà nídìí iṣẹ́ yẹn. N kò sọ èyí kí o lè fojú kékeré wo tìrẹ o. Àwọn tí wọ́n bu owó ìjìyà lé láìṣẹ̀ ni ẹ gbọ́dọ̀ dá owó wọn padà, bí ẹ kò bá tíì ṣe é, ìwọ gan-an sì ni mo fẹ́ kí o bá ọ̀gá rẹ sọ ọ́, kí o mú orúkọ wọn àti iye owó wọn dání lórí ìwé.

Ohun tó yẹ kó gbà ọ́ là lọ́jọ́ yẹn, iṣẹ́ tí o ń ṣe ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan ni. Kò sí oníṣirò owó tí yóò ti ìwé pa láìwò bóyá àpapọ̀ ọ̀tún dọ́gba pẹ̀lú àpapọ̀ òsì. Kọ irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ sínú ètò rẹ. Kí ètò náà ka iye ìlà tó wọlé àti iye ìlà tó jáde. Kí ó ṣírò àpapọ̀ owó kí ó tó fọwọ́ kan nǹkan, kí ó tún ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn náà. Kí ó wò bóyá nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan jẹ́ òǹkà mẹ́wàá, tí 01 sì ṣíwájú rẹ̀. Bí ọ̀kan kò bá bá a mu, kí ètò dúró, kí ó sì kígbe. Lẹ́yìn èyí, ṣí fáìlì tó jáde pẹ̀lú ohun èlò kan náà tí àwọn tí wọn yóò lò ó fi ń ṣí i, nítorí iṣẹ́ rẹ kò tíì parí nígbà tí ó bá dára lójú tìrẹ nìkan. Má sì ṣe ṣiṣẹ́ lára fáìlì kan ṣoṣo tí ilé iṣẹ́ ní. Ẹ̀dà ni kí o máa fọwọ́ kàn, kí ti òótọ́ wà níbi tí ẹnikẹ́ni kò lè bà á jẹ́.

Mo fẹ́ sọ nípa ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá rẹ sọ, nítorí ó dùn mí bí mo ṣe kà á. Ó ní ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ ni kò yẹ kó máa ṣe é. Ta ló gbé iṣẹ́ náà fún ọ? Lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn aránṣọ tó wà lágbègbè ọjà Wàndó, kí o wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ níṣẹ́. Kò sí ìyá kan tí yóò mú ọmọ rẹ̀ wá síbẹ̀, kí ọ̀gá gbé sísọ́ọ̀sì àti aṣọ oníbàárà fún un ní ọjọ́ kìíní, kó jáde lọ, kó wá padà dé ní ìrọ̀lẹ́ láti bá a jà. Ọmọ náà yóò kọ́kọ́ gé bébà, yóò gé àjákù aṣọ, yóò rán an wọ́, ọ̀gá yóò tú u, yóò sì ní kó tún un rán. Títú yẹn ni ẹ̀kọ́. Ìwọ kò rí ẹni bá ọ tú nǹkan kan rí. Fídíò kì í wo iṣẹ́ ẹni kó sọ ibi tó wọ́. Nígbà tí èmi wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tí mo ń kọ́ni ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo wá, wọ́n ní kí n máa fi ṣe máàkì gbogbo ilé ẹ̀kọ́. Odindi sáà kan ni mo fi rò pé orí mi ni kò dára, títí tí àgbà kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe fi jókòó tì mí fún ọ̀sán mẹ́ta péré. Ohun tí n kò mọ̀ kò pọ̀ tó bí mo ṣe rò. N kò kàn rí ẹni tí yóò fi ibi tó wà hàn mí ni.

Nítorí náà, wá ẹnì kan tí yóò máa ka ètò rẹ, ìbáà ṣe wákàtí kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Dangbo, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ ìṣirò àti fíṣíìsì IMSP wà, kò jìnnà sí Àjàṣẹ́. Àwọn tó jáde níbẹ̀ àti àwọn tó jáde ní Abomey-Calavi ń ṣiṣẹ́ káàkiri ìlú yín. Béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ẹ jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí tí ọmọ wọn ń bá tìrẹ kàwé. Má ṣe sọ fún ẹni náà pé kó wá kọ́ ọ ní kọ̀ǹpútà, ìyẹn pọ̀ jù, kò sì ní mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Mú ojú ìwé kan tí o ti kọ lọ bá a, kí o ní kó sọ ohun tí òun ì bá ti kọ yàtọ̀.

Ní ti ọjọ́ orí, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Olùkọ́ ìṣirò ni Grace Hopper, ẹni ọdún 37 ni ní ọdún 1944 tí iṣẹ́ ológun ojú omi Amẹ́ríkà gbé e dé Harvard láti máa kọ ètò fún ẹ̀rọ ńlá Mark I, láìjẹ́ pé ó ti kọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ níbì kankan. Olùkọ́ ìṣirò náà ni Dorothy Vaughan, obìnrin dúdú tó wọ iṣẹ́ ìṣirò ní Langley, ibùdó ìwádìí ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1943. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ tí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fọwọ́ ṣe, ó kọ́ èdè FORTRAN fúnra rẹ̀, ó sì kọ́ àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀, nígbà tó ti kọjá ẹni ogójì ọdún. Ẹnu iṣẹ́ ni àwọn méjèèjì ti kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò tó ohun tí ń dẹ́rù bani. Àwọn ọ̀rọ̀ tí Python tòde òní yà sọ́tọ̀ fún ara rẹ̀, bí if, else, for, while àti return, 35 ni gbogbo wọn, o sì ti ń lo ọ̀pọ̀ nínú wọn. Guido van Rossum tó gbé Python jáde ní ọdún 1991, ọmọ ilẹ̀ Netherlands ni, Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí tirẹ̀ náà. Tí àṣìṣe tó jáde bá gùn tó ogún ìlà, ìlà ìkẹyìn ni kí o kọ́kọ́ kà, nítorí ibẹ̀ ni Python ti ń dárúkọ ohun tó ṣẹlẹ̀. KeyError ń sọ pé ètò wá orúkọ kan tí kò rí. Lọ wo bóyá «Numéro» ni wọ́n kọ sórí òpó nígbà tí ìwọ kọ «Numero». ValueError máa ń jáde nígbà tí o bá ní kó sọ ọ̀rọ̀ di iye, tí ọ̀rọ̀ náà kò sì ṣeé kà bí iye: «1 250,50» tí a kọ bí Faransé ṣe ń kọ ọ́, pẹ̀lú àlàfo àti kọ́mà, kò yé e, nítorí àmì tóótó (.) ni Python mọ̀. FileNotFoundError kò rí fáìlì níbi tí o ní kó wò. Ra ìwé àjákọ kékeré kan, kí o máa kọ àṣìṣe kọ̀ọ̀kan tí o bá pàdé sínú rẹ̀ pẹ̀lú ohun tó fà á, ní Yorùbá tàbí ní Faransé, èyí tó bá yé ọ jù. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wàá rí i pé àwọn kan náà ni wọ́n ń padà wá.

Ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá ńkọ́? Lò ó, n kò ní kí o má lò ó. Ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí ìlà kankan tí o kò lè ṣàlàyé fún ẹnì kejì rẹ ní búró wọ inú ètò tí ń fọwọ́ kan owó ènìyàn. Bí ó bá kọ nǹkan tó ṣiṣẹ́ tí ìdí rẹ̀ kò yé ọ, bi í ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kí o fi fáìlì kékeré olórúkọ márùn-ún tí o fọwọ́ ara rẹ ṣírò dán an wò, títí yóò fi yé ọ. Ọ̀rẹ́ rẹ ní ẹ̀rọ náà yóò máa kọ ètò. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé ẹ̀ka yín kan máa ń kọ owó ọjọ́ àbámẹ́ta sí ọjọ́ ajé, kò sì mọ ọmọ ẹgbẹ́ tó ní ìwé ìfowópamọ́ méjì pẹ̀lú orúkọ kan náà. Ẹni tó mọ èyí ni yóò máa sọ ohun tí ètò gbọ́dọ̀ ṣe, tí yóò sì mọ ìgbà tí ó bá purọ́. Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kìlọ̀ fún ọ gidigidi: má ṣe da orúkọ, nọ́ńbà tàbí owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yín sínú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, tí a ń pè ní Code du numérique, ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa ènìyàn ní Bẹ̀nẹ̀, àjọ APDP ló sì ń bójú tó o. Orúkọ àti iye tí o hùmọ̀ ni kí o máa fi dánwò.

Bàbá rẹ béèrè orúkọ iṣẹ́ rẹ. Ìbéèrè bàbá ni, kì í ṣe ẹ̀gàn, má ṣe jẹ́ kó dà bí ẹ̀gàn létí rẹ. Tí o bá tún gba Ìsàkété àti Pọ́bẹ̀ lọ sílé, sọ fún un pé oníṣirò owó tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ni ọ́. Bí ó bá ní iṣẹ́ òyìnbó ni, rọra bi í pé ojú mélòó ló wà lára ọ̀pẹ̀lẹ̀. Mẹ́jọ ni, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ṣí tàbí kó dojú dé, gbogbo ọ̀nà tí wọ́n lè gbà balẹ̀ sì jẹ́ 256, bí iye odù. Inú kọ̀ǹpútà náà, àyè mẹ́jọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ òdo tàbí ení ni wọ́n ń so pọ̀ ṣe ẹyọ kan tí wọ́n ń pè ní byte, ọ̀nà 256 náà ni ó sì ní. N kò sọ pé ohun kan náà ni Ifá àti kọ̀ǹpútà. Mo ní kí bàbá rẹ rí i pé irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí ilé tó ti bí ọ.

Ó wá ku ọ̀nà mẹ́ta rẹ. N kò fara mọ́ ọn pé kí o fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nísinsìnyí. Ọdún mẹ́ta ni a ń fi gba licence, oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, o sì ní ọmọ méjì; yàtọ̀ sí ìyẹn, ibi tí o wà ti fún ọ ní iṣẹ́ gidi, fáìlì gidi àti ìṣòro gidi, ohun tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń wá tí wọn kò rí. N kò sì fara mọ́ ọn pé kí o padà sẹ́yìn nítorí ìtìjú ọjọ́ kan. Ẹni tí wọ́n bá wí lójú agbo kò gbọ́dọ̀ ti ibẹ̀ yan ọ̀nà ayé rẹ̀. Fún ara rẹ ní ọdún kan, ṣùgbọ́n má ṣe fún ilé iṣẹ́ ní ọdún kan yẹn lọ́fẹ̀ẹ́. Kọ ìwé sí ọ̀gá rẹ, ojú ìwé kan, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kọ iṣẹ́ tí ètò rẹ ń ṣe síbẹ̀, pẹ̀lú iye ọjọ́ tí ọwọ́ fi ń ṣe é tẹ́lẹ̀ àti iye ìṣẹ́jú tó ń gbà báyìí. Ìwọ mọ iye wọ̀nyẹn, kọ wọ́n gan-an. Lẹ́yìn náà béèrè pé kí ọ̀sán kan láàárín ọ̀sẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀kọ́ àti àyẹ̀wò ètò, kí wọ́n kọ iṣẹ́ yìí mọ́ iṣẹ́ rẹ nínú ìwé àdéhùn, kí wọ́n sì tún owó oṣù rẹ wò. Mo kọ ọ̀sán kan síwájú owó, mo sì mọ ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀: ẹ̀kọ́ tó jẹ́ ti búró kò gbọ́dọ̀ máa jẹ oorun rẹ àti àsìkò ọkọ àti ọmọ rẹ lálaalẹ́. Bí wọn kò bá gba ìkankan nínú rẹ̀, wàá ti mọ ohun tí iṣẹ́ rẹ tó lójú wọn, wàá sì lè fi ojú yẹn wá ibòmíràn, pẹ̀lú ètò tí o lè fi hàn.

Láàárín ọdún náà, máa kíyè sí ara rẹ ní ìgbà tí ètò bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́. Bí ohun tó wá sí ọ lọ́kàn bá jẹ́ pé o fẹ́ mọ ìdí, a jẹ́ pé iṣẹ́ náà ti wọ̀ ọ́ lára. Bí ó bá jẹ́ pé o kàn fẹ́ kó tán kí o padà sídìí ìwé ìṣirò rẹ, kò sí ìtìjú níbẹ̀, oníṣirò owó tó mọ Python díẹ̀ kò pọ̀ ní Àjàṣẹ́. Kọ̀wé sí mi padà kí o sọ èyí tí o rí.

Lẹ́tà kejì, láti Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo gba licence nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Parakou, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń ra kajú lọ́wọ́ àgbẹ̀ ni mo ti ríṣẹ́. Ìwọ̀n àpò ni mo ń kọ sínú ìwé, mo sì ń tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe. Ó ti lé lọ́dún kan tí n kò ti kọ ètò kankan. Ẹ̀rù ń bà mí pé mo ti ń gbàgbé ohun tí mo kọ́.

Ìdáhùn

Àbúrò, ètò tí o lè kọ wà nínú ìwé tí o ń kọ ìwọ̀n sí. Ìwọ mọ̀ ju èmi lọ pé àwọn oníkajú ń fi KOR díwọ̀n ojúlówó ọjà, ìyẹn iye pọ́ùn ọmọ inú tó ṣeé jẹ tí a ó rí nínú àpò kílò 80. Ẹ ń gé kílò kan wò, ẹ ń wọn ọmọ inú tó dára, ẹ ń fi ìdajì ìwọ̀n èyí tó lábàwọ́n tàbí tí kò gbó kún un, ẹ wá fi 0.17637 sọ ọ́ di púpọ̀. Bí àpapọ̀ náà bá jẹ́ gíráàmù 260, KOR rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 46. Bí ẹni kan bá ń fọwọ́ ṣe èyí fún ogójì àpò nínú oòrùn, yóò ṣì í ṣe, àgbẹ̀ ló sì máa ń jẹ gbèsè rẹ̀ nígbà púpọ̀.

Kọ ètò kékeré tí yóò gba ìwọ̀n mẹ́ta wọ̀nyẹn, orúkọ abúlé àti ọjọ́, tí yóò ṣírò KOR, tí yóò sì kọ̀ bí ìwọ̀n ọmọ inú bá ju ti kílò tí ẹ gé lọ. Rántí pé àwọn òṣìṣẹ́ yín yóò máa tẹ kọ́mà níbi tí Python ń retí àmì tóótó, kí o yí i padà fúnra rẹ kó má baà dá wọn dúró. Má gba àṣẹ ọ̀gá kí o tó bẹ̀rẹ̀, nítorí kò tíì mọ ohun tí yóò pàṣẹ. Fi ọ̀sẹ̀ méjì lò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, kí o máa fi èsì ètò wé èsì ọwọ́, kí o sì sàmì sí gbogbo ibi tí wọ́n bá ti yàtọ̀ síra. Ìgbà yẹn ni kí o gbé ìwé méjèèjì tọ ọ̀gá rẹ lọ.